Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ìyálóde Wúràọlá Esan

Bí a bá ka orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà ní ọdún òmìnira, orúkọ ọkùnrin ni yóò máa tẹ̀ lé orúkọ ọkùnrin, títí a ó fi kan orúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Obìnrin náà ni Wúràọlá Adépéjú Esan, ọmọ Ìbàdàn, ẹni tí ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, èyí tí a ń pè ní Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 1960. Ó tọ́ kí àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí olùkọ́ ni òun pẹ̀lú, inú ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń kọ́ ọ. Ó sì tọ́ kí àwa ará Ìjàgbó àti agbègbè Ọ̀fà mọ̀ ọ́n fún ìdí mìíràn, èyí tí n óò sọ nígbà tí ìtàn yìí bá dé ibẹ̀.

Ìlú Kálábá ni a ti bí i ní ọdún 1909, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ilé baba rẹ̀. Thomas Adéògùn Òjó ni orúkọ baba náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò kàwé, ìṣe àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n sì dì mú ṣinṣin. Síbẹ̀ wọ́n pinnu pé àwọn ọmọ wọn yóò mọ̀wé. Kí a má ṣe ka ìpinnu yìí sí ohun kékeré. Ní ayé ìgbà náà, àní nínú ilé àwọn onígbàgbọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ọmọkùnrin ni ó ni ìwé. Wọn a máa wí pé ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, àti pé owó tí a bá ná sórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, inú ilé onílé ni a dà á sí. Òbí tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tí ó sì rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ríran jìnnà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀wé lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìdí-Àbà, ní Abẹ́òkúta, ni a rán an lọ. Lẹ́yìn èyí ó wọ United Missionary College, ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Láti ọdún 1930 títí di ọdún 1934 ó ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, nínú ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì kan, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé yìí, nítorí àwọn kan ń fi ojú kékeré wò ó. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ìmọ́tótó, ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ àti ìṣirò owó ọjà ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin kí wọn lè jẹ́ aya rere fún àwọn olùkọ́ àti àwọn oníwàásù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í dúró ní ibi tí ẹni tí ń kọ́ni fẹ́ kí ó dúró sí. Ọmọbìnrin tí ó ti mọ̀ pé omi ẹlẹ́gbin ń fa àrùn yóò bèèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni ó yẹ kí ó gbẹ́ kànga fún àdúgbò. Èyí tí ó ti mọ bí a ti ń ṣírò owó ọjà yóò bèèrè ohun tí ìjọba ń fi owó orí ṣe. Láti ilé ìdáná dé ilé ìgbìmọ̀, ọ̀nà náà kò jìn tó bí àwọn ọkùnrin ti rò.

Ní ọdún 1934 Wúràọlá di aya Ọ̀gbẹ́ni Victor Owólabí Esan, wọ́n sì gbé ìlú Èkó fún ọdún díẹ̀ kí ó tó padà sí Ìbàdàn. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí, nítorí ohun tí ayé ń retí lọ́wọ́ aya ọlọ́lá nìyẹn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà tí ohun gbogbo sì wọ́n gógó, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Mọ́lété. Ibadan People's Girls' Grammar School ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: kò pè é ní ti ìjọ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní ti ìjọba, ti àwọn ará ìlú ni ó pè é. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, kí ọ̀kan má bàa pa èkejì lára. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ rí mọ ohun tí iṣẹ́ náà gbà: ilẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wá, kí a tó wá olùkọ́; a ó bẹ àwọn òbí kí wọn mú ọmọ wá, a ó sì tún bẹ̀ wọ́n kí wọn má ṣe mú un kúrò nígbà tí ó bá tó gbé lọ sí ilé ọkọ. Obìnrin tí ó ti la èyí kọjá ti mọ bí a ti ń bá ìlú sọ̀rọ̀ kí ó tó dé orí pèpéle àwọn olóṣèlú.

Kí a tó sọ bí ó ti wọ ìṣèlú, ó yẹ kí a rántí pé ìjókòó obìnrin nínú ìgbìmọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ni Ìyálóde, òun sì ni ẹnu àwọn obìnrin níwájú àwọn olórí ogun. Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ, jẹ́ oníṣòwò ńlá tí ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì ń fi ohun ìjà ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, títí Ààrẹ Látòósà fi yọ ọ́ lóyè tí a sì pa á ní ọdún 1874. Nígbà tí àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ wa, àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ọkùnrin ni wọ́n mú ní ẹlẹ́gbẹ́ ìṣàkóso. Oyè Ìyálóde kò parẹ́, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ dínkù. Òfin ń dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin nínú ọjà, ṣùgbọ́n ní ibi tí a ti ń ṣe òfin náà, wọn kò sí níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi fi hàn pé ara wọn kò gbà á. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ bíi ti Esan, kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó kàwé, wọn kò sì sinmi títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n agbára tí ó lè mú ọba fi ìlú sílẹ̀ kò tó láti ṣí ilẹ̀kùn ilé aṣòfin. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1959 dé, ẹgbẹ́ Alákùkọ, tí í ṣe NCNC, kò gbà láti fa Ransome-Kútì sílẹ̀. Nígbà tí ó sì dá dúró fúnra rẹ̀, kò wọlé. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe ọgbọ́n ni àwọn obìnrin kò ní, kì í sì í ṣe ìgboyà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó di ẹnu ọ̀nà mú, àwọn ọkùnrin ni ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà.

Ní àwọn ọdún 1950 ni Wúràọlá Esan wọ ìṣèlú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, èyí tí í ṣe Action Group, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó bá lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ọ̀nà yìí kò rọrùn fún ọmọ ìlú náà. Adégòkè Adélabú ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń tẹ̀ lé, òun àti ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ rẹ̀ tí ó bá NCNC rìn, títí Adélabú fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1958. Ẹni tí ó bá ń ṣe ti Ọlọ́pẹ ní Ìbàdàn ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó dúró sí nígbà tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìjọba ẹgbẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, kò sì yani lẹ́nu pé ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ rí àyè fún ara rẹ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ náà ni ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùkà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka àwọn obìnrin ti máa ń rí. Àwọn ni í dá orin, àwọn ni í se oúnjẹ, àwọn ni í ti ojúlé dé ojúlé, àwọn ni í sì í dúró nínú oòrùn ní ọjọ́ ìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pín ipò, ẹ̀yìn ni à ń fi wọ́n sí. Díẹ̀ péré nínú àwọn obìnrin ìgbà náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú èyíkéyìí fi sí ipò àṣẹ. Esan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ náà, ó sì ń gòkè ní ìpele dé ìpele.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, a pín ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbogbo Nàìjíríà sí méjì. Ìjókòó 312 ni ó wà nínú Ilé àwọn Aṣojú, tí a dìbò fún ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Kò sí obìnrin kan tí ó wọlé. Ilé kejì ni Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, tí ó ní ìjókòó 44: 12 fún Àríwá, 12 fún Ìlà-Oòrùn, 12 fún Ìwọ̀-Oòrùn, 4 fún Èkó, àti 4 tí ìjọba àpapọ̀ yàn. A kò dìbò fún àwọn ará Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Yíyàn ni a yàn wọ́n. Wọ́n lè dá òfin dúró fún ìgbà díẹ̀ kí a lè tún un rò, ṣùgbọ́n wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ òfin tí ó jẹ mọ́ owó. Láti Ìwọ̀-Oòrùn ni a ti yan Wúràọlá Esan, fún apá Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn. Báyìí ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà, obìnrin kan láàárín ìjókòó 356.

Àwọn kan lè bèèrè bí ipò tí a fi jíǹkí ènìyàn bá ṣeé fi yangàn, nígbà tí kò sí ẹni tí ó dìbò fún un. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi gbogbo wọn pọ̀. Gbogbo àwọn 44 ni a yàn láìdìbò, 43 nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọkùnrin náà bóyá ẹ̀tọ́ ni wọ́n jẹ tàbí ọrẹ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìjókòó tí ó lè jẹ́ pé nítorí ojú ayé ni a ṣe fi sílẹ̀ fún obìnrin kan, obìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ ti fi ọdún ọgbọ̀n ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ àti àwọn ìyá wọn kí ó tó débẹ̀.

Síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun tí ó yẹ kí a bá àwọn tí ó yàn án wí ni pé wọ́n mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí i ju ìwọ̀n ẹnì kan lọ. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan náà, Mabel Dove ti wọ ilé aṣòfin Gold Coast nípa ìbò ní ọdún 1954. Ní ọdún 1960 tí a yan Esan, ìjọba Ghana ṣe òfin tí ó mú obìnrin 10 wọ ilé aṣòfin wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nàìjíríà, tí ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Ghana lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, mú ẹyọ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìjàgbó nìyí. Ní ìgbà ìjọba òyìnbó, a kà wá mọ́ Ẹkùn Ìlọrin, a sì ka Ẹkùn Ìlọrin mọ́ Àríwá. Àwa tí a kò gbé òdìkejì Odò Ọya wá di ara Òkè Ọya nínú ìwé ìjọba. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìlà-Oòrùn àti ní Èkó, ọkùnrin àti obìnrin ni ó dìbò ní ọdún 1959. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni òfin fún ní ìbò. Ojú irin tí ó ti Ìbàdàn wá gba Òṣogbo, Ìkirun àti Òkukù kí ó tó dé Ọ̀fà. Obìnrin Òkukù lè dìbò. Arábìnrin rẹ̀ tí ó lọ́kọ sí Ọ̀fà tàbí Ìjàgbó kò lè dìbò. Èdè wọn kan, òwò wọn kan, ó sì lè jẹ́ pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ààlà tí a fi kálámù fà ni ó sọ ọ̀kan di ẹni tí à ń kà, tí ó sì sọ èkejì di ẹni tí a kò kà. Nígbà tí Wúràọlá Esan ń jókòó láàárín àwọn aṣòfin gbogbo Nàìjíríà, àwọn ìyá àti ìyá-ńlá wa níhìn-ín kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ju ìwé ìbò kan sínú àpótí. Àwọn kan jà sí i ní Àríwá, pàápàá Gambo Sawaba, tí a jù sẹ́wọ̀n léraléra. Ṣùgbọ́n ọdún 1976, lábẹ́ ìjọba ológun, ni ẹ̀tọ́ náà tó dé, ìdìbò gbogboogbò ọdún 1979 sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí àwọn obìnrin ìhà tiwa bá wọn ṣe.

Ìgbà àwọn aṣòfin àkọ́kọ́ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966 àwọn ológun dìde, a sì ti ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì pa. Ìjókòó tí ó gba àwọn obìnrin ní ọdún púpọ̀ kí wọn tó rí i di ohun àná láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjókòó yẹn nìkan ni Esan ní. Ó wà nínú àwọn tí ó dá Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí Kofoworọlá Adémọ́lá kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Mọ́lété kò sì bá ilé ìgbìmọ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìjọba ìbáà jẹ́ ti agbádá tàbí ti ìbọn.

Ní ọdún 1975 Ìbàdàn fi í jẹ Ìyálóde. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣojú àwọn obìnrin nínú ilé ìgbìmọ̀ tuntun tún wá jókòó sórí àga tí àwọn obìnrin ti ń jókòó lé kí òyìnbó tó dé. Ẹ̀fúnṣetán fi ọrọ̀ àti ohun ìjà gòkè. Esan fi ìwé àti abẹ́rẹ́ gòkè. Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1985.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà náà kò yára fẹ̀. Ọdún 1983 ni obìnrin kan, Franca Afegbua láti ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó wọ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì nípa ìbò àwọn ènìyàn, ọdún 23 lẹ́yìn tí a yan Esan. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun tún ti gba ìjọba. Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa rán obìnrin lọ sí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí Gbemisola Saraki wọlé ní ọdún 2003. Nínú ìdìbò ọdún 2023, obìnrin 3 péré ni a kéde pé ó wọ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì tí ó ní ìjókòó 109. Ẹni tí ó bá rò pé ohun tí Esan bẹ̀rẹ̀ ti parí, kí ó tún iye wọ̀nyí kà.

Kí ni ó yẹ kí a rí mú nínú ìtàn yìí, àwa tí a ó lọ dúró níwájú ọmọ láìpẹ́? Ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ dára, ó sì yẹ kí a máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè fi fúnni ni, a sì lè gbà á padà. Ọba lè gbà á, ẹgbẹ́ òṣèlú lè gbà á, sójà sì lè gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìmọ̀ tí ó ti wọ inú ọmọbìnrin kan, kò sí ẹni tí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá fún wa ní kíláàsì, tí ọmọkùnrin mẹ́wàá sì nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn bóyá ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n tí a ti kọ́ nílé pé kí ó dákẹ́. Kí a pè é kí ó dìde. Bí a bá pe irú rẹ̀ púpọ̀ ní Ìjàgbó, ní Ọ̀fà àti ní gbogbo ìlú tí a bá rán wa lọ, àwọn tí yóò kọ ìtàn lẹ́yìn wa kò ní í tún máa wá orúkọ obìnrin kan ṣoṣo láàárín orúkọ 356.